Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ mi, inú mi sì ń dùn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rò ó síbòmíràn, mi ò wá bú bàbá àwọn ọmọ mi níbí. Ó lọ sí Gàbọ́n ní 2015, ó ní ọdún méjì péré, ó ní iṣẹ́ káfíńtà wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ó ń pè, ó ń fowó ránṣẹ́, ọdún kejì ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, ìgbà tó yá nọ́ńbà yẹn ò wọlé mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Kétu tiwa yìí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kún fún obìnrin tí ọkọ wọn wà ní Gàbọ́n, ní Èkó, ní Abíjáńnì, téèyàn ò mọ̀ bóyá kóun pè wọ́n ní ìyàwó ilé ni àbí opó àbí dálémosú, èmi náà ò tíì mọ èyí tí mo jẹ́ títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, gbogbo àdúgbò sì ń yìn mí sí i.

Ọmọ méjì ni mo bí. Obìnrin ni àkọ́bí, 2010 ni mo bí i, ọkùnrin ni èyí tó tẹ̀ lé e, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé nígbà tí bàbá wọn lọ. Àkàrà ni mò ń dín, létí títì tó lọ sí Pọbẹ̀.

Ẹni tí ò bá dín àkàrà rí á rò pé ìdí epo gbígbóná ni iṣẹ́ wà. Rárá o. Òru ni iṣẹ́ àkàrà. Ẹ ó rẹ ẹ̀wà, ẹ ó bó èèpo rẹ̀, ẹ ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí èèpo lè léfòó kúrò, ẹ ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá gbé e dé ẹ ó máa lù ú, ẹ ó máa lù ú títí tí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀, bí apá bá rẹ̀ yín tẹ́ ẹ dáwọ́ dúró láìtọ́jọ́, àkàrà yẹn á jókòó sísàlẹ̀ epo bí òkúta, oníbàárà tó bá jẹ ẹ́ lónìí ò ní padà wá lọ́la. Nítorí náà ọwọ́ méjì ò ká a. Mo ní ọmọbìnrin kan tí mò ń sanwó fún nígbà yẹn, òun ló ń bó ẹ̀wà, òun ló ń dáná.

Àwọn oníbàárà mi gidi, àwọn tó ń gba Ìlárá wọ Nàìjíríà ni. Oníṣòwò ni wọ́n, ẹni kan á ra àkàrà 500 CFA lẹ́ẹ̀kan, á ní kí n di kókó mọ́ ọn. Àfi bí Nàìjíríà ṣe ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019. A rò pé oṣù kan ni, ìparí 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Láàárín ìgbà yẹn ọjà mi dà bí ọjà ọjọ́ òjò. Mi ò lè sanwó ọmọbìnrin yẹn mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, ó sunkún, èmi náà sunkún, lọ́jọ́ kejì mo na ọwọ́ jí ọmọ mi ní aago 4 òru.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kíláàsì CE2, ọdún kẹrin nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò kọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀ ni, bóyá mi ò bá ti rí nǹkan tí mò ń ṣe. Ó dìde, ó bọ́jú, ó jókòó ti abọ́ ẹ̀wà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti mọ̀ ọ́n ṣe ju ọmọbìnrin tó lọ lọ. Nígbà tó bá fi máa di aago 7 ó ti ta fún bí èèyàn ogún, ó ti dá owó padà fún wọn láìṣì, ó ti wẹ àbúrò rẹ̀, ó ti wọ kakí ilé-ìwé fún un, ó ti wọ ti ara rẹ̀. Lọ́sàn-án tí wọ́n bá jáde ní aago 12, òun ló ń lọ sílé lọ gbé oúnjẹ kaná fún àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó padà sí kíláàsì ní aago 3, nítorí èmi ti gba ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ àwọn ẹlòmíràn lọ, ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ gba owó ọ̀sán. Gbogbo ìyá tó ń ra àkàrà ló ń sọ pé “Háà, ọmọ yìí, ìyá kékeré ni o.” Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára. Ìyá Kékeré wá, Ìyá Kékeré lọ. Inú mi ń dùn débi pé mo ń fi í ṣe fáàrí láàárín àwọn obìnrin tá a jọ ń dá àjọ, tí ẹlòmíràn bá ní ọmọ òun ya ọ̀lẹ, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Ó tún ku èyí tó burú jù, mi ò sì kà á sí iṣẹ́ rárá nígbà yẹn. Lálẹ́, tí ọmọkùnrin bá ti sùn, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a jọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo máa ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń sọ fún un. Pé owó ilé ku 3,000. Pé onílé wo mí lójú báyìí báyìí. Pé bàbá wọn parọ́ fún mi, pé àwọn ẹbí rẹ̀ ní èmi ni mo lé e lọ. Ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó máa ń gbọ́ mi, á ní “Ẹ má da ara yín láàmú, Màmá, ọjà ọjọ́ Sátidé á yá.” Mo máa sùn bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. Mi ò béèrè ibi tí mo gbé e kalẹ̀ sí.

Nǹkan kan tún wà. Mi ò mọ̀wé kọ nígbà yẹn, ìdí rẹ̀ ẹ máa tó gbọ́. Àwọn tó ń jẹ àwìn, orí ni mo fi ń kà wọ́n, tí wọ́n bá pọ̀ orí á dà á rú. Ọmọ náà ló fúnra rẹ̀ sọ pé òun á máa kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́. Mi ò bi í pé inú ìwé wo.

Ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí oṣù kejì 2022, mádáàmù tó ń kọ́ wọn ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé owó nǹkan kan ni. Láti 2006 ni wọ́n ti ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba di ọ̀fẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ mọ̀ pé kàyé tí wọ́n ń kọ̀wé sí kì í ṣe ọ̀fẹ́, kakí kì í ṣe ọ̀fẹ́, bíkì ìkọ̀wé tó ń sọnù lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo so 1,000 CFA mọ́ etí ìró kí n tó lọ.

Kò béèrè owó. Ó gbé kàyé ìṣirò ọmọ mi jáde, ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Ó ní kí n wò ó, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n kà, ó bá kà á fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Ìyá Alátà 350. Oní-zem (ọlọ́kadà ni) tó ní fìlà pupa 200. Bàbá Télọ̀ 600, ó ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Alátà san 100 ó ku 250. Ojú ewé mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ó ṣí ibi tí wọ́n ti ṣe díkítéè, tí tíṣà ń pè kí wọ́n máa kọ, gbólóhùn mẹ́ta ni ọmọ náà kọ, ìyókù ṣófo, àmọ́ létí ìwé níbẹ̀ ó ti ro owó ẹ̀wà pọ̀ mọ́ owó epo àti igi ìdáná, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Àròpọ̀ yẹn ò sì ṣì. Mádáàmù ní ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì, òun ti kọ́kọ́ nà án, lẹ́yìn náà òun ò nà án mọ́. Ó tún gbé kàyé mìíràn jáde, eléyìí àjákù ni, bébà tí wọ́n ya nínú kàyé àtijọ́ tó ṣì ní ibi tó funfun, ọmọ náà ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán an pọ̀ létí, ó rán an gún régé bí iṣẹ́ télọ̀. Kó má bàa béèrè owó kàyé lọ́wọ́ mi ni.

Mádáàmù wá bi mí pé, “Ìyá, eré wo ni ọmọ yìí fẹ́ràn?”

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ní kì í ṣeré, kò láyè eré, ọmọ tó gbọ́n ni. Ó wò mí. Mo bínú. Ká má parọ́, mo bínú gan-an ni, mo rìn délé mò ń sọ lójú ọ̀nà pé ẹni tó ń gba owó oṣù, kí ló mọ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń sùn nílé, kí ló mọ̀. Mo ra kàyé tuntun méjì fún ọmọ mi, mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, aago 4, mo tún jí i.

Oṣù kẹfà wọ́n ṣe CEP, ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó féèlì.

Ọjọ́ tí èsì jáde kò sunkún. Ó dé, ó ní “Màmá, mi ò rí i gbà,” ó bọ́ kakí, ó lọ gbé abọ́ ẹ̀wà. Èmi ni mo sunkún, inú ẹkún yẹn ni mo ti rí ẹni tí màá dì í rù: bàbá rẹ̀. Tó bá wà níbí ni, kò ní rí báyìí. Mo bá gbéra, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn sósíàlì, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọmọdé, mo ní mo fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Obìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní òótọ́ ni, òfin ẹbí tó jáde ní 2004 sọ pé bàbá àti ìyá ló jọ ni bùkátà ọmọ, bí bàbá bá tiẹ̀ wà lókè òkun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ṣé mo ní àdírẹ́sì rẹ̀ ní Gàbọ́n. Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó mú bíkì, ó ní kí n jẹ́ kóun kọ nípa ọmọ náà fúnra rẹ̀. Aago mélòó ló ń jí? Mo ní 4. Aago mélòó ló ń sùn? Mo ní tá a bá ti rẹ ẹ̀wà tán, bíi 10. Ta ló ń se oúnjẹ ọ̀sán? Òun ni. Ta ló ń fọṣọ àbúrò rẹ̀? Òun ni. Nígbà wo lẹ́ ra aṣọ fún un kẹ́yìn, aṣọ tí kì í ṣe kakí? Níbi tí mo ti ń ronú kan èyí ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nítorí mo mọ ìdáhùn yẹn. Mo ti dá irú rẹ̀ rí.

Ní 1996, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, CE1 ni mo wà, wọ́n mú mi lọ sí Kùtọnù sọ́dọ̀ àǹtí kan tó jẹ́ ẹbí ìyá mi lọ́nà jíjìn. Ohun tí wọ́n ń pè ní vidomẹgọn níbẹ̀ nìyẹn, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ èèyàn. Wọ́n ní wọ́n á fi mí sílé-ìwé. Omi ni wọ́n fi mí sí. Aago 4 ni mò ń jí pọnmi, mo ń kiri ẹ̀kọ, mo ń tọ́ ọmọ wọn, mi ò tún rí inú kíláàsì mọ́ láyé mi. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, ẹni tó ṣe é rí mọ̀ ọ́n. 2005 ni mo padà sí Kétu, mo sì búra lójú ìyá mi, mo ní ọmọ tí mo bá bí, mi ò ní fi í fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó máa fi ọmọ mi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń gbéra ga. Oní-zem kan wà ládùúgbò wa tí ìyàwó rẹ̀ kú, kó tó pé ogójì ọjọ́ ó ti pín àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sí Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀ bí ẹni pín ẹran iléyá, kò sẹ́ni tó bá a wí, wọ́n ní ọkùnrin ni, kí ló fẹ́ ṣe. Èmi bá a wí nínú ọkàn mi. Mo ní èmi obìnrin, èmi nìkan, mo kó tèmi mọ́ra.

Mo kó wọn mọ́ra lóòótọ́. Mo wá fi ọmọ mi ṣe vidomẹgọn nínú ilé ara rẹ̀.

Obìnrin sósíàlì yẹn ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn sọ pé òfin ọmọdé tún wà o, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, pé kò gba kí iṣẹ́ dí ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ tàbí kó pa á lára, àti pé òfin yẹn ò béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ló ń rán an níṣẹ́ tàbí àǹtí Kùtọnù. Mo wá fẹjọ́ ọkọ sùn, ẹjọ́ yí ojú sí mi. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá tọ́mọ fara balẹ̀ kà nìyí, torí mo ṣe é ní ìwàǹwára, mo sì ṣe é burúkú. Lọ́jọ́ kejì mo kàn sọ fún ọmọ náà pé má jí mọ́, má bó ẹ̀wà mọ́, má kọ gbèsè mọ́, lọ ṣeré. Báyẹn gẹ́lẹ́. Mo rò pé á fò sókè. Ó dúró gbagidi, ó ní “Màmá, kí ni mo ṣe?” Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Kò gbà. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé, ó sunkún tí kò sun nígbà tó féèlì. Ó rò pé mo lé e kúrò níbi iṣẹ́ nítorí CEP ni, bí mo ṣe lé ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo ti fi orúkọ oyè fún un, àdúgbò ti kí i lóyè, mo wá já oyè lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Mo mú obìnrin kan wọ inú ọjà náà, opó ni, a jọ ń dá àjọ, a ní ká máa pín èrè sí méjì. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ lápò mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ojú rẹ̀ rí màbo ni opó yẹn, nítorí Ìyá Kékeré ò fún un ní àlàáfíà. Á ní iyọ̀ pọ̀ jù. Á ní wọn kì í lu ẹ̀wà báyẹn. Á jí fúnra rẹ̀ ní aago 4 láìsí ẹni tó pè é, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn, á máa wò wá. Ó tó oṣù mẹ́ta gbáko. Ìyá mi àgbà ló gbà mí sílẹ̀, ó ní wọn kì í gba igbá lórí ọmọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á bá a sọ ọ́ ni, wọ́n á gbà á díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n fún un ní iṣẹ́ kan tí kò le, kí n sì jẹ́ kó dá mi lójú pé iṣẹ́ ọmọ ni. A bá fi ata gígé lálẹ́ sílẹ̀ fún un, ọjọ́ Sátidé nìkan, tó bá ṣetán kó lọ.

Ọmọkùnrin náà wá ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Èmi náà ni mo fà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lómi, ó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, àwọn kan ládùúgbò ní mo ń fi ọmọkùnrin ṣe obìnrin. Mo ní kí wọ́n wá bá mi pọn ọ́n nígbà náà. Kò sẹ́ni tó wá, ó wá ń pọnmi.

Wọ́n ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń sọ pé irọ́ ni, ojú méjì ló ń wo tèmi. Àmọ́ ká sọ òótọ́, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ojú tó kù. Àbúrò mi ọkùnrin ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mi lọ, ọdún mẹ́ta ni mi ò fi sọ fún un pé nọ́ńbà Gàbọ́n ò lọ mọ́. Ojú ń tì mí. Tó bá béèrè, mo máa ń ní “Ó kí yín.” Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún un, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun ń retí kí n sọ ọ́ ni. Láti ìgbà náà lọ́jọ́ Ọjọ́rú àti Sátidé ó máa ń gbé ọmọkùnrin yẹn lọ síbi tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe, wọ́n á jọ dọ̀tí délé. Ọ̀rọ̀ alẹ́, ọ̀rọ̀ owó ilé, ọ̀rọ̀ ọkọ, mo kó o lọ sọ́dọ̀ opó mi, àgbà ni, ó lè gbé e. Tí mo bá sùn ti ọmọ mi báyìí, mo máa ń bi í kí ló ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Lákọ̀ọ́kọ́ kò mọ ohun tó máa sọ, kò mọ̀ ọ́n sọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, mi ò rí oorun sùn mọ́ tìtorí ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń bára wọn jà lórí rọ́bà ìdìrun.

Nǹkan kan tún bá wa ṣe é tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ọdún tó tún CM2 jókòó yẹn ni kàntíìnì dé ilé-ìwé wọn, ètò tí ìjọba àti PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tó ń tàn káàkiri. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, ìgbà mìíràn àgbàdo, oúnjẹ ọ̀sán gbígbóná. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ kàntíìnì bí ẹni pé ebi nìkan ló ń pa. Lọ́dọ̀ tèmi, wákàtí mẹ́ta ló fún ọmọ mi padà lójoojúmọ́, láti aago 12 dé aago 3, wákàtí tó fi ń fínná tẹ́lẹ̀. Nínú wákàtí yẹn ni mo ti wá mọ eré tó fẹ́ràn. Mo kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí i níwájú kíláàsì tó ń fo okùn, ìpàkọ́ rẹ̀ kún fún eruku, ó ń pariwo bí aṣiwèrè. Mo dúró sẹ́yìn igi kó má bàa rí mi.

Ó kù ẹni tó máa kọ gbèsè. Opó mi náà ò mọ̀wé. Mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ti àwọn àgbà, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Ọwọ́ mi le bí igi ìdáná, bíkì ń já bọ́. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ fojú fo tèmi o, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wa, a máa ń kọ kp níbi tẹ́yin ń kọ p, a máa ń kọ sh níbi tẹ́yin ń fi àmì sábẹ́ s. Orí pọ́tábù, fóònù mi, ni mo ti wá ń kọ́ tiyín. Ohun tẹ́ ẹ sì ń kà yìí, àkọ́bí mi ló bá mi tún un ṣe tó sì fi àmì sí i, 100 CFA ló ń gbà lójú ewé kan, ó ní iṣẹ́ ni, òun ò ṣe ọ̀fẹ́. Mo san án.

Oṣù kẹfà 2023 ó gba CEP. Mi ò ní pa á pọ̀ mọ́ àgbàyanu, kò gba ipò kìíní, ó gbà á ni. Ó wà ní CEG, ilé-ìwé girama, báyìí, ìṣirò rẹ̀ dára, Faransé rẹ̀ ń tiro. Owó ṣì ń wọ́n mi, èrè àkàrà tí wọ́n ń pín sí méjì kì í tó, oṣù tó kọjá mo jẹ onílé ní gbèsè, mi ò sì sọ fún un. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bàbá rẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi béèrè rí, èyí ò tíì yé mi bí màá ṣe ṣe é.

Bàbá wọn pè, torí ẹ máa béèrè. Nọ́ńbà tuntun, lẹ́yìn èsì CEP bí oṣù kan, ẹnì kan ló sọ fún un. Ó ní “Ọmọ mi ti ṣe é!” Ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn tó jẹ́ pé tí mo bá ṣí i, ìlú á gbọ́. Mo na pọ́tábù sí ọmọ náà, mo bọ́ síta, mo lọ ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò bi í ohun tí wọ́n sọ, ó sì wù mí kí n bi í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gba kàyé gbèsè lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ wò ó. Mo ní kò kàn án mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kọ nǹkan kan sí i, òun fẹ́ wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Ó jókòó, ó mú bíkì pupa, ó ń kà á sókè, Ìyá Alátà, Bàbá Télọ̀, oní-zem (eléyìí ò tíì san láti ọdún méjì, ẹ̀yin ẹ wo ayé), ó ń fa ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣetán ó kọ 11 lórí 20 sókè rẹ̀, ó yí i ká. Mo ní kí ló dé, owó tí mo kọ síbẹ̀ ò pé ni? Ó ní owó pé. Ó ní mi ò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀.